Bí Mo Ṣe Rẹ Ìbọn Ọmọ Mi Sómi

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ lójú méjèèjì ni mí. Mo mọ iye pákó tó wà lórí afárá láti ẹnu ọ̀nà wa dé èbúté ní Awóyè, ìlú wa tó wà lórí omi: mẹ́tàdínlógójì ni, mẹ́ta nínú wọn ti jẹrà.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo ń wá ṣíbí nínú báàgì Tèmítáyọ̀, ọmọbìnrin mi tó wà ní girama, ni mo bá rí páìpù kan tó gùn tó apá mi. Ọ̀pá tí wọ́n fi aṣọ wé lórí wà nínú rẹ̀, kókì sì dí ẹnu rẹ̀ kejì. Mo ṣí ìwé rẹ̀: “Ohun Tó Ń Ti Ọta Jáde Lẹ́nu Ìbọn, Láti Ayé Àtijọ́ Dòní.” Ó ya ṣakabùlà tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ó tún ya ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí, tí ẹ̀tù àti ọta jọ wà nínú idẹ kékeré kan. Mo ní, ọmọ mi ti ń ṣe ìbọn!

Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ̀tù tó bá mumi kì í dún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn bàbá ọkọ mi ṣe dákẹ́ níbi ìsìnkú kan, nítorí pé omi wọ ọkọ̀ tó gbé e. Mo so okùn mọ́ báàgì, mo jù ú sómi lábẹ́ ilé, mo sì kà dé igba kí ó lè rẹ dáadáa.

“Màmá, báàgì mi dà?”

“Ó wà níbi tí ẹ̀tù inú rẹ̀ ò ti lè pa ẹnikẹ́ni.”

Ó rí okùn, ó fa báàgì jáde, ó kígbe. “Ẹ̀tù wo? Afẹ́fẹ́ ni, Màmá! Bí ẹ̀tù bá jó nínú ìbọn, èéfín gbígbóná tó há síbẹ̀ ló ń ti ọta. Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Òní ni wọ́n máa yan ẹni tó máa lọ ìdíje sáyẹ́ǹsì fún ilé ìwé wa!”

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di omi aró. Mo bá a wọ ọkọ̀, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ìwé náà. Ewé méjì fò lọ sómi.

Ọlọ́kọ̀ ní, “Ìyá Tèmítáyọ̀, ṣé ẹja lẹ̀ ń yan ni?”

Ní kíláàsì, ẹnu lásán ni Tèmítáyọ̀ fi sọ gbogbo ohun tó yà. Nígbà tó gbé páìpù, mo sáré síwájú rẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ọmọ yòókù. Ó ti ọ̀pá. Kókì gbá gèlè mi lọ, omi tó kù nínú páìpù sì tú sí mi lójú. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wọn ní, “Lánàá, kókì yìí ò kọjá tábìlì. Kí lo ṣe sí i?”

“Aṣọ orí ọ̀pá ló mumi tó wú, sà. Afẹ́fẹ́ ò ríbi sá gbà mọ́.” Ó wò mí. “Màmá mi ló rẹ ẹ́.”

Òun ni wọ́n yàn. Mo ti kọ́ ọgbọ́n: kí ìyá máa béèrè kó tó sọ nǹkan sómi. Àmọ́ bí mo ṣe ń fún omi kúrò lára gèlè mi, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, torí Tèmítáyọ̀ ti ń bi mí pé, “Màmá, ẹ ò ní bá mi lọ síbi ìdíje náà?”