Àwòrán Arò-má-ṣì

Ẹ máa wólẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé tí ọmọ ọmọ mi ń lọ! Fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Arò-má-ṣì, Akọni Àròpọ̀, Ọkọ Ìsọdipúpọ̀. Tó bá sín, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọgbọ́n ayé ló ń fò jáde nímú rẹ̀. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn, mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú. Síbẹ̀, ó ní ó kéré sí iyì òun.

Nígbà tí ọdún ń parí, ó pe gbogbo àwa òbí, ó wúkọ́.

"Àwọn ọmọ yín ò tíì mọ ìṣirò tó yẹ ẹni tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà. Mo ti dá ìwé méje sílẹ̀ fún wọn. Ọdún kan sí i, owó ọdún kan sí i."

Ọmọ ọmọ mi ti yege láti wọ ilé-ìwé girama. Bí ọ̀gá ò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àyè ti bọ́.

Ìyá rẹ̀ dìde. "Ọ̀gá, ẹ bi ọmọ mi ní ìṣirò kan báyìí, níṣojú gbogbo wa."

"Kò burú. Ìwọ, dìde! Mo ní kí ayàwòrán tún àwòrán mi yà. Mo ní kó sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kó sọ ìbú náà di ìlọ́po méjì. Àwòrán àtijọ́ mélòó ló máa wọ inú tuntun?"

"Mẹ́rin, sà."

Arò-má-ṣì rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì fi já níkùn rẹ̀. "Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Méjì ni! Mo tiẹ̀ ti fi àyè méjì sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, láàárín fèrèsé méjì. Ìwé méje tọ́ sí i! Ayàwòrán, gbé e wọlé!"

Ìgbéraga níí ṣíwájú ìparun. Ti ọ̀gá yìí gun kẹ̀kẹ́ wá bá a.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ojú ọ̀gá wọlé. Bí wọ́n ṣe fi í kọ́ ògiri, etí ọ̀tún dí fèrèsé kan, etí òsì dí èkejì. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́sàn-án gangan. Àwọn adìyẹ ìta ti ń tò wọlé lọ sùn!

"Oníranù, kí lo yà yìí?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n yà ni, sà. Mítà méjì níhìn-ín, mítà méjì lọ́hùn-ún."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá ọmọ gbé àwòrán àtijọ́ lé igun kan lára tuntun. "Ọ̀gá, ẹ bá wa kà á."

"Ọ̀kan." Ó sún un. "Méjì. Ó parí!"

"Ìsàlẹ̀ wá ń kọ́, sà? Àgbọ̀n yín ṣì wà níta."

"Mẹ́ta." Ohùn rẹ̀ ti ń kú lọ. "Mẹ́…"

"Mẹ́rin!" Gbogbo ọmọ ìwé mẹ́fà ló bá a parí ẹ̀.

Ìyá ọmọ na bírò sí ọ̀gá. Ọ̀gá gbà á, ó fọwọ́ sí ìwé ọmọ náà, ó fọwọ́ sí ti gbogbo àwọn yòókù, òógùn ń kán tó tó tó. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìwé méje mọ́. Ọ̀gá bá kọjú ìbínú sí ayàwòrán:

"Gé nǹkan yìí kù kó lè gba ibẹ̀!"

"Ibo ni kí n gé, sà?"

Gbogbo òbí dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Gé orí! Kò kúkú ń lò ó."