Ihò Abẹ́rẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Èmi-Náà-Ni

Ọ̀jọ̀gbọ́n Èmi-Náà-Ni! Ọkọ eku, baba ẹlẹ́sẹ̀ rírọ, a-wo-jígí-kó-tó-kí-Ọlọ́run! Bó bá ń wọlé, àyà rẹ̀ á ti jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyìn ni tiẹ̀ ń jẹ, igbá náà sì ti ń wúwo.

Aránṣọ kan tó jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ kò rí ẹ̀rín rín. Jàǹbá mọ́tò ti já iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí apá ọ̀tún rẹ̀. Apá náà wá rọ̀ dirodiro bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó gbàdúrà ní ìdájí, ó gbà á lọ́sàn-án, apá ò mira. Dókítà ní òun lè fi iṣẹ́ abẹ so iṣan náà, kó ṣáà má pẹ́, torí sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń pàṣẹ fún apá ń kú díẹ̀díẹ̀.

"Iṣẹ́ abẹ kẹ̀?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín ní pálọ̀ rẹ̀. "Èmi ni àna ẹ, o wá ń wá alábẹ kiri! Àwọn eku mi, àbùkù inú ìran ni wọ́n bí mọ́ wọn. Tí a bá ti gé iṣan ẹsẹ̀ wọn pẹ́nrẹ́n, sẹ́ẹ̀lì wọn á kú fin-ín fin-ín. Oògùn mi ló gbà wọ́n! Máa mu ún. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní gbọ̀ngán, iwájú ni kó o jókòó sí."

"Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní kí n má pẹ́ o."

"Ọlọ́run kì í pẹ́, èmi náà kì í pẹ́."

Aránṣọ mu ún. Ó korò bíi jogbo. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: Olúwa, ṣé ẹnu agbéraga yìí náà lo rí tó o fẹ́ gbà dá mi lóhùn?

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán kún. Ìyá arúgbó tó kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n níṣẹ́ náà wá, ó gbé ọ̀pá lé itan.

"Ẹsẹ̀ kan la gé iṣan rẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n ń hó, "a fi ìkejì sílẹ̀ ká lè fi wéra. Tí a bá wá gé ọ̀pá ẹ̀yìn eku wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, òpè ò ní mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ta ló gbọ́n ọgbọ́n rẹ̀? Èmi náà ni! Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí ìhà ẹsẹ̀ tí a kò gé iṣan rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni. N kì í ṣì í!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gbé àwòrán ìhà kan ṣoṣo sára ògiri, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Sẹ́ẹ̀lì kún un bámúbámú bí kóró inú ìbẹ́pẹ.

"Ìhà tí a gé rèé! Oògùn mi ò jẹ́ kó kú!"

Ìyá arúgbó na ọ̀pá. "Ọmọ mi, kí ló rí róbótó láàárín rẹ̀ yẹn?"

"Ihò abẹ́rẹ́ mi ni, Mà!"

"Ìhà wo lo ní o máa ń lù ú sí?"

"Ìhà tí a kò..."

Ó yíjú wo àwòrán náà.

"Fi ìhà kejì hàn wá."

Ó fi í hàn. Kò sí ihò, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀; ó dán bí orí apárí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí ìjókòó iwájú. "Àna mi wà níbí! Ó ń mu oògùn náà! Dìde, gbọ́wọ́ sókè, jẹ́rìí mi!"

Aránṣọ dìde. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí dá ṣáṣá. Ọgbẹ́ ò kàn án rí, bíi ìhà tí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá lára eku yín."

Ẹ̀rín wó lu gbọ̀ngán. Aránṣọ ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ké sínú makirofóònù pé, "Ta ló lu ihò yìí gan-an?"

Ọ̀wọ̀ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan: "Ìwọ náà ni!"

Ní ìta, Aránṣọ fi ọwọ́ òsì tẹ nọ́ńbà dókítà. Ó gbójú sókè.

"Olúwa," ó ní jẹ́jẹ́, "àbí Ìwọ náà ni?"

Dókítà ló gbé e.