Òrí Tí Mo Fi Ra Igi Bọ́ọ̀lù Wọn

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá jókòó sẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wá sí Koumassi níbí, ṣe ló máa ń yọ sí mi bí àlá.

Àlùfáà òyìnbó kan láti ìlú Ireland wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Mọ̀npẹ̀ẹ̀, ìyẹn "bàbá mi" lédè Faransé, là ń pè é. Ó kọ́ àwọn ọkùnrin wa ní eré ìlú rẹ̀: igi gígùn tí orí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Koumassi ní ẹgbẹ́, Cocody ní, Bingerville náà ní, wọ́n sì ń du ife lọ́dọọdún. Ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, ló ń ṣọ́ ilé fún Koumassi, kí bọ́ọ̀lù má baà wọlé. Lọ́dọọdún náà ni Bingerville ń gba ife lọ. Orúnkún ti wá ń dun ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, bí mo bá fọwọ́ kan ife yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti jókòó nìyẹn."

Nígbà tí ìdíje àṣekágbá ku ọ̀la, wọ́n kó igi tuntun tí káfíńtà gbẹ́ wá sílé wa. Mo wò wọ́n, ọmọrogùn gẹ́lẹ́ ni, àfi pé wọ́n gùn. Ọyẹ́ sì ń jà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kọ́ mọ̀ pé a kì í lo ọmọrogùn tuntun láìfún un ní ọ̀rá mu, kó má baà là. Ni mo bá gbé igbá òrí. Mo ra wọ́n látòkè délẹ̀, mo sá wọn sóòrùn. Ti ọkọ mi, mo ra á lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ́ ni.

Láàárọ̀, òtútù ti mú òrí náà dì. Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Igi yìí mà ń dán o!" Inú mi dùn.

Ní pápá Bingerville, eruku ọyẹ́ funfun bo gbogbo nǹkan. Àwọn tó ń sáré dà bí ẹni tí ń léfòó nínú kùrukùru. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn yọ, òrí sì yọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tiwa ní kí òun gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù dúró síbẹ̀, igi ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fò. Ó ń yí lókè bí ẹyẹ tí kò kánjú, ó sì balẹ̀ sínú ọpọ́n obìnrin Ṣàbẹ́ kan tó ń ta àchẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Obìnrin náà figbe ta:

"Ẹ̀yin ará Koumassi, ṣé eré lẹ ń ṣe ni àbí òkò lẹ ń sọ?"

Igi kejì gba etí fìlà Mọ̀npẹ̀ẹ̀, tó ń ṣe adájọ́ eré, kọjá. Ọkọ mi gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fojú wá mi kiri.

"Ìyá Ṣadé! Kí lo fi ra igi yìí?"

"Òrí ni! Kó má baà là!"

Àwọn ará Bingerville pàtẹ́wọ́ fún mi. "Màmá, ẹ ṣeun o! Ẹ bá wa fi díẹ̀ kún un!"

Síbẹ̀, àwọn tiwa ń fi àyà àti ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ góólù, eré sì ti ń parí. Mo wá rántí pé eérú ló ń gba ọ̀rá lára ìkòkò. Mo bu eérú nídìí ààrò obìnrin Ṣàbẹ́ yẹn, mo gba ẹ̀yìn ilé tí ọkọ mi ń ṣọ́ wọ pápá tọ̀ ọ́ lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń nu igi.

"Tàńtí, ẹ sọ̀ọ́tì! Ẹ jáde!" Mọ̀npẹ̀ẹ̀ ń pariwo.

"Ó ku díẹ̀, Mọ̀npẹ̀ẹ̀!"

Gbì! Bọ́ọ̀lù bà mí ní ìdí, ó sì ta padà. Mọ̀npẹ̀ẹ̀ họrí títí. Ó ní bọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọlé ni ẹni tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ dá dúró, nítorí náà góólù ni. Ẹyọ kan yẹn ni Bingerville fi gba ife.

Nínú wọ́rọ̀-wọ́rọ̀, ọkọ̀ èrò tó gbé wa bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi jókòó. Ọ̀sà ń dán lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A ti fẹ́ dé ilé kí ọkọ mi tó pè mí.

"Ìyá Ṣadé."

"Olówó orí mi."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ilé, n ò mú bọ́ọ̀lù tó le tó èyí tó o fi ìdí mú yẹn rí."

Ó bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà bá a rín in. Ṣùgbọ́n ó tún padà sí pápá lọ́dún kejì pẹ̀lú orúnkún dídùn yẹn, torí kò tíì fọwọ́ kan ife.

Ohun tí mo kọ́ ni pé, bí nǹkan ẹlòmíì bá jọ tìẹ, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó kó o tó bá a tọ́jú rẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o. Ìdí mi ò dùn mí mọ́. Ife yẹn ló ṣì ń dùn mí díẹ̀.