Íápíìsì àti Igi Àgbálùmọ̀ Màmá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi bọ̀rọ̀: ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi sọ fóònù mi di adití. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi á wá bàjẹ́.

Ọmọ Oǹdó ni màmá mi. Nígbà tó wà láyé, ó gbin igi àgbálùmọ̀ kan sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀, èso igi náà sì dùn débi pé àwọn ọmọ àdúgbò kì í jẹ́ kó pọ́n tán. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó, ló ń gbé inú ilé náà. Ẹ̀ka igi ti dé orí páànù alámùúlégbè wọn, ọkùnrin náà sì ń pariwo pé kí wọ́n gé e. Mo bẹ Màmá Oǹdó pé ẹ̀ka nìkan ni kí wọ́n gé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Igi yẹn nìkan ló kù tí mo lè fojú rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ màmá mi, àfi tí ẹ bá ka èmi náà mọ́ ọn. Màmá Oǹdó ní kò sẹ́ni tí yóò ṣe ohunkóhun láìjẹ́ pé òun pè mí, kí òun sì fi etí ara òun gbọ́ ohun tí mo bá wí.

Àkúrẹ́ ni èmi ń gbé, ní Ìsìkàn, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀lù kan ń lọ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Mo ki íápíìsì tuntun bọ fóònù. Kẹ́kẹ́ pa. Mo pa fóònù, mo tún tàn án, kò fọhùn. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú ihò rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná ààrò, itọ́ ni mo fẹ́ sí i. Ìyá Bọ́lá, ọmọ Àkúrẹ́ tí a jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì, gba íápíìsì náà, ó kì í bọ fóònù tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ orin dáadáa.

“Fóònù rẹ ló níṣòro,” ló wí. “Gbé e lọ ulé àwọn tó ń tún un ṣe. Kì í ṣe uṣẹ́ rẹ nìyẹn.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀, mà. Kí ló wà nínú fóònù tí mi ò mọ̀?”

Ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Mo fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi wa ihò náà, eruku àpò ṣòkòtò sì ń tú jáde. Mo tún ki íápíìsì bọ̀ ọ́, mo sì gbọ́ ohùn fín-ín-fín ní etí kan. Mo ní bí mo bá yí i díẹ̀, etí kejì á là. Mo yí i, mo tún yí i, ó dún pàù. Nígbà tí mo fà á, okùn tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n orí irin rẹ̀ jókòó sínú ihò.

Láti ìgbà náà ni fóònù ti gbà pé íápíìsì ṣì wà lára òun. Gbogbo ohùn tó yẹ kó wá sí mi létí, ibi irin tó kán ló ń gbé e lọ. Ẹni tó bá pè mí á máa gbọ́ mi ketekete, èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mi ò sì tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí ẹnì kan tó fi gọ́ọ̀mù fa irú irin bẹ́ẹ̀ yọ. Mo kán gọ́ọ̀mù sórí igi ìgbálẹ̀, mo tì í wọnú ihò, mo ń dúró kó gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Igi ìgbálẹ̀, irin àti fóònù di ọ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé àlùfáà ló so wọ́n pọ̀.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, injinníà,” ni Ìyá Bọ́lá wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Màmá Oǹdó ni. Ìgbàkigbà tó bá pè mí, àdúrà ni. Á gbà á fún mi, á gbà á fún ìyàwó mi, á gbà á fún táyà mọ́tò mi. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n máa ṣe àmín lọ. Mo gbé fóònù sétí, igi ìgbálẹ̀ gún mi lágbọ̀n.

“Ẹ káàsán, mà. Mi ò gbọ́ yín, mà.” Kò sóhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ̀rọ̀ sókè.” Kò sóhùn síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í jókòó máa pariwo “mi ò gbọ́” mọ́ àgbàlagbà. Ǹ bá yá fóònù Ìyá Bọ́lá pè é padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo fáàrí mi, ìtìjú ò jẹ́. Mo ní ṣebí àdúrà ọjọ́sí náà ni, mo ti mọ ibi tó ń já sí. Mo bá ń dá a lóhùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mo dákẹ́ díẹ̀ kó lè ráyè gbàdúrà. “Àmín, mà.” Mo tún dákẹ́. “Kò burú rárá, mà. Ẹ ṣé gan-an.”

Nígbà tí ó pa fóònù, inú mi dùn pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kí i ní Oǹdó. Bí mo ṣe yà sí ẹ̀yìnkùlé, oòrùn wọ̀ mí lójú. Oòrùn kì í ráyè wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kùkùté kan ló kù nílẹ̀, oje funfun ti dì sára rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun tí mo wọ̀.

Màmá Oǹdó jáde wá, ó gbá mi mọ́ra. “Ọma mi, o ṣeun o. Àwọn agégi ti dé, mo ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ. O kọ́kọ́ ní o ò gbọ́ mi, mo bá figbe ta, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo ní ọkùnrin yìí ò gbà fún ẹ̀ka nìkan, ṣé kí wọ́n gé e látìdí? O ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé lónìí? O ní àmín. Mo wá ní, ‘Ọma mi, ṣé kò ní dùn ọ́?’ O ní kò burú rárá, o tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún.”

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, àfi èmi. Mo lanu láti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀bi náà á máa jẹ ẹ́ títí tó fi máa kú, ohun tí mo sì ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Mo rọra dọ̀bálẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́. Títí dòní, bí ẹbí bá pàdé, èmi ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọmọ tí kì í bá àgbà jiyàn, èmi á sì tẹrí ba bí olè.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kó sọ pé òun ò gbọ́, ìbáà jẹ́ kábíyèsí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ ò ní kí á máa ṣe àmín sí ohun tí a ò mọ̀. Ní báyìí, bí àsìkò àgbálùmọ̀ bá dé, ọjà ni mo ti ń rà á bí àjèjì. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan búra fún mi pé tòun dùn bí oyin. Mo bu ọ̀kan jẹ, ó kan débi pé ojú mi sún kì, mo bá bú sẹ́rìn-ín lójú ọjà, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ìyá náà rò pé ó dùn mọ́ mi ni, ó sì fi méjì ṣe èènì fún mi.