Ìlédìí tí Ọ̀gá Tíṣà Wá Rà

Ọ̀gá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Títí di òní, wọn kì í ṣe ìpàdé òbí kó má lọ síbẹ̀ lọ sọ pé ọmọ tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ṣì ń wọ ìlédìí, àwọn òbí rẹ̀ ló ya ọ̀lẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, òun náà ló dúró níwájú káńtà ìyá olóògùn, tó fa fìlà bo iwájú, tó ń wo ìgò oògùn ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ há a sórí.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló dé láàárọ̀ láti wá lo ọlidé. Ìyá ọmọ náà gbàgbé ìlédìí tó máa ń wọ̀ sùn sílé. Ọmọ jókòó lé báàgì aṣọ rẹ̀, kò tú u. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá gbọ́, òun á padà sílé, òun ò sì ní wá mọ́ láéláé. Ọdún méjì gbáko ni bàbá àgbà fi bẹ̀ ẹ́ kó tó wá, nítorí ẹnu bàbá àgbà yìí kan náà ló ń bà á lẹ́rù.

"Ọ̀gá, ṣé ikọ́ ni?"

"Ikọ́ kọ́. Ìlédìí ni."

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Ta ló bímọ?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ."

Ìyá olóògùn gbé èyí tó kéré jù sórí káńtà. Ọ̀gá Tíṣà fi ìka kan tì í padà. Ó gbé ti ọmọ tó ń rá wá, ó tún tì í padà.

"Ọmọ yìí ti ń rìn ni?"

"Ó ń rìn."

"Ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Bíi lọ́yà."

Obìnrin náà fi ìgúnpá ti káńtà. "Ọmọ ọdún mélòó ni, sà?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gá Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí kọ̀, kò jáde. Ó ní kì í ṣe ọmọ, àlejò ni.

"Àlejò yẹn tóbi?"

"Ó tóbi díẹ̀. Kí ló dé tí o ń bi mí bíi ọlọ́pàá?"

"Kí n lè mọ èyí tí màá gbé ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa nípàdé pé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ làwọn ọmọ yín márààrún ti gbẹ, wọn ò tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo gba ìlédìí lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mo sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn fọ́dún mẹ́rin, sà."

Ojú ti Ọ̀gá Tíṣà gan-an. Ká sòótọ́, kò mọ ọjọ́ tí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ aṣọ nígbà náà, òun ń kọ ohun tó máa sọ nípàdé òbí.

Ìyá olóògùn wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti yé mi. Ó máa ń ṣe àwọn àgbà ọkùnrin, kì í ṣe ìtìjú rárá. Tiyín ni, àbí?"

Ọ̀gá Tíṣà la ẹnu láti sẹ́. Ó wá rántí pé èèyàn méjì péré ló wà nínú ilé òun, gbogbo àdúgbò ló sì rí èkejì nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀. Bí kì í bá ṣe tòun, ti ta ni?

"Tèmi ni."

Obìnrin náà kí i pé ó kú ìfaradà, ó sì gbé páálí ti àgbàlagbà sílẹ̀ gbì.

"Ìyẹn tóbi jù."

"Ọ̀gá, mo ń wo ìdí yín. Kò tóbi jù."

"Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún yẹn ni mo fẹ́."

Ó gun àga, ó mú un wá, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. "Eléyìí ò ní kọjá orúnkún yín, sà. Ó tún ní labalábá lára."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìyá olóògùn wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fi ọ̀rá dúdú wé e, ó tún fi òmíràn wé e lórí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ìpàdé òbí tó ń bọ̀ ńkọ́, Ọ̀gá? Kí lẹ máa bá wa sọ?"

Ọ̀gá Tíṣà ká fìlà kúrò níwájú. "Màá sọ fún yín pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, mo ṣì ń wọ labalábá sùn."