Ẹyẹ Tó Ń Fò Dorí Kodò

Ẹ bá mi wo Àǹtí Télọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó wọ búbù tuntun tó kún fún àwòrán agboòrùn ńláńlá, ó wé gèlè aláwòrán ẹja lé e, ó ń retí onífọ́tò tó fẹ́ ya òun fún pátákó. Òdìkejì títì ni ojú ẹ̀ wà. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ àtijọ́, èyí tó ń pè ní Kékeré Ọ̀gá, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ síbẹ̀, ó gbé pátákó gàgàrà kọ́, ó ya ara ẹ̀ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, láti ọjọ́ náà sì ni àwọn oníbàárà ti ń sọdá lọ bá a. Inú ń bí Àǹtí Télọ̀, kò sì fi bò.

Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló ń bọ̀ yẹn. Gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọjá ojúlé wọn. Ó gbé àpò kan há abíyá, ọrùn ẹ̀ ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o."

"Dúró síbẹ̀ yẹn. Kí lo so mọ́rùn?"

"Bọ́tìnì ni. Mo ra kóòtù àlòkù kan ní gbáńjo, mo já gbogbo bọ́tìnì ẹ̀, mo sín in sókùn, ó di ẹ̀gbà ọrùn."

"Kóòtù náà wá ńkọ́?"

"Kò ní bọ́tìnì mọ́."

"Háà! O ra kóòtù, o ba kóòtù jẹ́, o tún so ẹ̀rí mọ́rùn. Èyí tó wà nídìí ẹ yẹn ńkọ́?"

"Táì ni. Mo rán wọn pọ̀, ó di bẹ́líìtì."

"Ohun tí wọ́n ń so mọ́rùn lo so mọ́dìí, ohun tí wọ́n ń dè láyà lo so mọ́rùn. Ó ku kí o wọ bàtà sórí."

Gbajúmọ̀ ronú sí i díẹ̀. "Mi ò tíì gbìyànjú ìyẹn."

Àǹtí Télọ̀ pòṣé. "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọlọ́run mà bá ìyá wa ṣe é o, ó bí ọ tán ló tó mọ̀. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là á wò. Mo ti wo tìẹ, bọ́tìnì ni mo rí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá múra fún yín."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Ebi ló ń pa mí. Bí fọ́tò mi bá borí ti ọmọ ọ̀hún, mo ti ní wàá máa pàtẹ pàǹtírí ẹ sí fèrèsé mi. Tí kò bá borí ẹ̀, ìwọ àti àpò yẹn ò ní tẹ ilé mi mọ́."

"Ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pàǹtírí."

"Pàǹtírí tó mọ oge. Jókòó."

Gbajúmọ̀ jókòó. Ó wo àyà búbù ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nípa iwájú aṣọ yín yìí..."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Mo ti ń ránṣọ nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sílé. Pátákó iwájú yẹn ni kí o wò. Wo ọmọ yẹn! Wo àwọn ẹyẹ tó wà láyà aṣọ ẹ̀! Ṣé o rí wọn?"

"Mo rí wọn."

"Ẹyẹ wo ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè tó ń fi orí walẹ̀? Òkú ẹyẹ ni! Òkú ẹyẹ ló wọ̀ tó fi ń polówó iṣẹ́. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àbí télọ̀ tí kò mọ orí ẹyẹ yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀, aṣọ ta ló fẹ́ rán? Àwọn èèyàn wá ń rọ́ lọ síbẹ̀, ojú wọn ti fọ́."

"Ó rẹ́rìn-ín dáadáa ṣá."

"Ẹ̀rín burúkú! Ó yẹ kó máa rẹ́rìn-ín, ṣebí ó gbé dígí ńlá mi lọ lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó ní ìyá òun ló rà á wá. Látọjọ́ náà, èyí tí kò gbà ju imú èèyàn lọ ló kù sára ògiri mi."

Gbajúmọ̀ ti tú àpò sílẹ̀. Òrùka kọ́tìnì, okùn báàgì tó já, kọ́tìnì aláwọ̀ aró kan báyìí, gbogbo ẹ̀ jáde sórí tábìlì. Àǹtí Télọ̀ fi orí sísọ́ọ̀sì ti òrùka kan sẹ́yìn, kò jẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oge ní òfin. Bí aṣọ bá ń pariwo, ẹ̀ṣọ́ á dákẹ́."

"Ọrùn ẹ ló ń dún látẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀wù tèmi ló dákẹ́, ẹ ò rí i pé kò ní àwòrán? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Tiyín kún fún agboòrùn, ariwo ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Àwọ̀ kan péré lèèyàn ń mú nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, á wá fi ṣe bẹ́líìtì tàbí yẹtí. Kì í gbé àwòrán ńlá mìíràn lé e. Ẹja tó wà lórí yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹja mi? Ẹja tí mo fi owó gidi rà?"

"Kò bá agboòrùn mu."

"Òpè. Kí la ń fi agboòrùn gbà?"

"Òjò là ń fi í gbà."

"Kí ni òjò ń mú kún?"

"Odò."

"Kí ló ń gbénú odò?"

"Ẹja."

"Ó tán! Omi ni gbogbo ẹ̀. Ta ló wá sọ pé kò bára mu? Ìwọ tí o so táì mọ́dìí lo fẹ́ máa kọ́ mi ní oge. Ayé mà bàjẹ́ o."

Fóònù dún. Onífọ́tò ni, ó ní òun ti yà sí ojú ọ̀nà wọn, ó ní kí wọ́n tètè múra nítorí òun ò ní pẹ́, ìrìn àjò ń bẹ níwájú òun. Àǹtí Télọ̀ dìde, ó gbọn búbù ẹ̀ fìrìfìrì.

"Ó ń bọ̀! Ó yá, ìwọ ẹlẹ́ṣọ̀ọ́, kí ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan. Ìyẹn ni mo ti ń fẹ́ sọ látàárọ̀ tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ. Mo fẹ́ràn iwájú aṣọ yìí."

"Kò sí bí o ò ṣe ní fẹ́ràn ẹ̀."

"Ọgbọ́n yín ò lẹ́gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí agboòrùn dúró dáadáa lẹ́yìn, ẹ wá dorí tiwájú kodò. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń fi Kékeré Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ọwọ́ tí Àǹtí Télọ̀ fi ń gbọn búbù dúró.

"Kí lo wí?"

"Agboòrùn iwájú. Ọwọ́ ẹ̀ tí wọ́n ń dì mú ló wà lókè."

"Ojú ẹ ti fọ́." Ó tẹ orí ba, ó wo àyà ara ẹ̀. "Wò ó! Mo ń wò ó báyìí, gbogbo wọn dúró gbọnrangandan. Orí wà lókè, ọwọ́ wà nísàlẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń rí i bẹ́ẹ̀, torí òkè ẹ̀ lẹ ti ń wò ó. Àwa tá a wà níwájú ńkọ́?"

"Ta ló ni aṣọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló yẹ kó rí i dáadáa?"

"Àwọn tó ń kọjá. Àbí pátákó máa ń wo ara ẹ̀ ni?"

"Lọ mú dígí wá!"

"Èyí tí ò gbà ju imú lọ?"

"Háà, ọmọ yẹn pa mí! Dígí mi!"

Gbajúmọ̀ yọ fóònù, ó ya ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó nà án sí i. Àǹtí Télọ̀ wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ojú ẹ̀ wá là.

"Èèwọ̀! Mo ti mọ̀! O di fóònù lódì."

Ó yí fóònù náà po.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i? Agboòrùn ti dúró. Dìndìnrìn tí kò mọ fóònù dì mú. Ó dára báyìí, ó dára gan-an..." Ó tún wò ó. "Gbajúmọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ni èyí tó fi orí sọlẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

Àǹtí Télọ̀ jókòó sórí àpótí, kò wò ó kó tó jókòó.

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Mi ò ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo ká aṣọ léjì, mo gé ọrùn sójú ibi tí mo ti ká a, mo rán ẹ̀gbẹ́, ó parí. Mi ò gé èjìká. Ẹni tó bá ń gé èjìká búbù ń fi aṣọ ṣòfò ni."

"Ṣé ẹ rí i, tí ẹ bá ká a báyìí," Gbajúmọ̀ mú kọ́tìnì, ó ká a lórí apá ẹ̀, "apá kan á gòkè, apá kejì á máa sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ tí ò ní àwòrán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní agboòrùn..."

"Má kọ́ mi níṣẹ́! Bí mo ṣe ń gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé mi nìyẹn. Bí mo ṣe fi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi..."

Ojú ẹ̀ lọ sí òdìkejì títì. Ojú Gbajúmọ̀ náà tẹ̀lé e. Àwọn ẹyẹ ọ̀hún wà níbẹ̀ lórí pátákó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń fò wá sílẹ̀.

"Gbogbo ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Panu mọ́."

"Títí kan èyí tó ní òkú ẹyẹ..."

"Mo ní kí o panu mọ́!"

Kò sí àyè láti tú u. Àǹtí Télọ̀ sáré wọlé, ó yí búbù po kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè wá síwájú, ó jáde padà. Ọrùn aṣọ, tó jìn níwájú nìkan, ti fún un lọ́fun, ojú ẹ̀ yọ.

"Báwo?" Ohùn ẹ̀ jáde tín-ín-rín.

"Agboòrùn ti dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣubú."

Ó tún sáré wọlé, ó yí i padà. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi ojú kan wo àwọn ohun tó wà lórí ẹ̀.

"Gbajúmọ̀, àbúrò mi àtàtà."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo ní ló wà níbí yìí?"

"Pàǹtírí ni."

"Ta ló pè é ní pàǹtírí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mò ń bá ọ ṣeré ni. Ṣé èèyàn ò lè bá ọmọ ìyá ẹ̀ ṣeré mọ́? Bọ́tìnì yẹn dára. Ó... ó yípo."

"Bọ́tìnì ni, ó gbọ́dọ̀ yípo. Fèrèsé ńkọ́?"

"Mo ti ní o lè pàtẹ sí i. Igun kan níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́."

"Gbogbo fèrèsé mi? Kí àwọn èèyàn máa rò pé akólẹ̀ ló kó wá sílé mi?"

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n lọ pàdé onífọ́tò. Agboòrùn tiyín àti ẹyẹ tọ̀ún á kọjú síra wọn, àwọn oníbàárà á mọ̀ pé ọ̀gá kan náà ló kọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó di Gbajúmọ̀ lápá mú.

"Gbogbo ẹ̀! Mú gbogbo fèrèsé! Mú ilẹ̀kùn mọ́ ọn! Ṣá bo agboòrùn yìí mọ́lẹ̀ fún mi!"

Gbajúmọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ gèlè ẹja kalẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Àǹtí Télọ̀ kò sì jiyàn. Ó gbé kọ́tìnì aláwọ̀ aró lé e léjìká, ó jẹ́ kó wálẹ̀ níwájú dé ẹsẹ̀, ó fi bẹ́líìtì táì dì í mú nídìí. Ó kó bọ́tìnì sí i lọ́rùn, ó fi òrùka kọ́tìnì sí i lọ́wọ́. Àwọn agboòrùn wá ń yọjú díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ń gòkè nínú wọn àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó tún ya fọ́tò, ó nà án sí i.

Àǹtí Télọ̀ wò ó pẹ́. Ó yí fóònù po díẹ̀ kó lè dá a lójú, ó dá a padà. Ó dùn mọ́ ọn gan-an, ó ṣòro fún un láti fi pamọ́.

"Kò burú."

"Kò burú nìkan?"

"Ká ní èmi ni mo ṣe é, ì bá dára jù báyìí lọ. Kọ́tìnì ta ni?"

"Kọ́tìnì àlòkù ni."

"Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo rà á. Ní títun."

Ọ̀kadà onífọ́tò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Télọ̀ na ọrùn, ó gbé àgbọ̀n sókè. Lódìkejì títì, Kékeré Ọ̀gá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀, téèpù wà lọ́rùn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wo ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Gbajúmọ̀ rọra sọ ọ́. "Ó ti ń sọdá bọ̀ o. Ó dájú pé ó fẹ́ bèèrè irú ìránṣọ tí èyí jẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?"

Àǹtí Télọ̀ kò yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín sí onífọ́tò.

"Sọ fún un pé apá tí mi ò tíì kọ́ ọ dé nìyí kó tó gbé dígí mi sá lọ."