Ẹ̀yìn Kóòtù Ọ̀gá Mi

Télọ̀ ni ọ̀gá mi, kò sì láṣọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Gbogbo àdúgbò ló ń ránṣọ fún. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù wa bí aláìsàn, wọ́n á jáde bí ọba. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ pọ̀ ju òwú lọ. Èmi tí mo jẹ́ ajá, mo láṣọ jù ú lọ. Irun ni tèmi, ṣùgbọ́n ó bo ìdí.

Sájẹ́ǹtì lorúkọ mi. Ọ̀gá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀ kí olè lè máa bẹ̀rù. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń sùn, lórí àjákù aṣọ. Olè kò wá rí, torí kí ni olè fẹ́ wá gbé? Wọ́n ṣì ń yìn mí pé mo mọṣẹ́.

Ọ̀gá mi wá ń fẹ́ onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa. Obìnrin tó rẹwà, tó ní sùúrù, torí ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ "màá wá kí àwọn òbí ẹ" lẹ́nu ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ kan, sùúrù tán.

"Sátidé tó ń bọ̀. Tóo bá wá bóo ṣe rí yìí, màmá mi á lé ẹ jáde. Tóo bá sì tún pa ọjọ́ dà, èmi gan-an ni màá lé ẹ."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi."

"N ò tíì di ìyàwó ẹ o!"

Ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi jókòó, ó ń wo ògiri. Mo tẹ̀lé ojú ẹ̀ lọ síbi tó ń wò, àyà mi já.

Kóòtù àti ṣòkòtò alápatà ló wà níbẹ̀. Alápatà ló kó wọn sínú àpò wá, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, pé kí ọ̀gá mi bá òun gé apá kóòtù kù, kó sì tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọ̀gá mi ti ṣe é tán tipẹ́. Ó kàn ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́la ni, torí télọ̀ tó bá jọ̀wọ́ aṣọ lọ́jọ́ tó dá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbé e sílé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa alápatà. Èèyàn rere! Ọ̀rá ló ń rùn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rùn. Kì í wá kó má kó egungun sápò fún mi. Bó bá yọ lókèèrè báyìí, ìrù mi á fẹ́ já. Ẹ pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ ni èmi ń pè é.

Ó sì tóbi! Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ilẹ̀ á ṣú. Ọ̀gá mi ńkọ́? Ká fi òwú sínú ẹ̀ báyìí, ká máa fi ránṣọ.

"Á bá mi mu," ọ̀gá mi sọ fún ara rẹ̀.

Mo wò ó. Mo wo kóòtù. Mo padà sùn.

Nígbà tí Sátidé dé, ó kó gbogbo ẹ̀ wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò àti kóòtù. Kóòtù gbé e mì! Ó bá fọgbọ́n télọ̀ sí i. Á bọ́ ọ, á kó gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, á fi pínnì há a, á tún wọ̀ ọ́ wò. Ẹ̀yìn kóòtù, pínnì. Ìdí ṣòkòtò, pínnì. Pínnì lórí pínnì! Nígbà tó dúró níwájú dígí, iwájú rẹ̀ jọ ti mínísítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti òòrẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, báwo ni?"

Mo jùrù. Òórùn alápatà tó wà lára kóòtù ni mo jùrù fún, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ dùn, mi ò bà á jẹ́.

"Dúró síbí, kóo ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. O ò gbọdọ̀ tẹ̀lé mi o."

Mo tẹ̀lé e.

Kì í ṣe àìgbọràn o! Egungun kan wà nínú kóòtù yẹn. Ó ti gba ihò àpò òsì bọ́ sí abẹ́ aṣọ inú, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti gbó, ó ti dùn. Ọ̀gá mi kò mọ̀. Imú tí Ọlọ́run fún èèyàn, ọ̀ṣọ́ ojú lásán ni.

Bó ṣe dé ilé àwọn òbí onídìrí, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn. Kò fẹ́ kẹ́yìn sí ẹnikẹ́ni. Bàbá wà lórí àga, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá ló lẹnu nínú ilé. Onídìrí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ọ̀gá mi láti òkè délẹ̀, ẹ̀rín ayọ̀ gba gbogbo ojú ẹ̀.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n kò rò tẹ́lẹ̀ rè é: ta ló ń lọ sílé àna tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo ilé á máa wò! Ó tẹ̀ síwájú, pínnì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kín! Kín! Ó rántí. Ó dúró sáàárín. Kò dọ̀bálẹ̀, kò nàró, ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹni tí inú ń run.

"Ṣé kò sí o?" Ìyá bi í.

"Kò sí, mà. Ọ̀wọ̀ yín ló pọ̀ lára mi."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ọ̀wọ̀ kọ́, pínnì ni!

"Ó dáa, ọmọ mi. Jókòó. Fẹ̀yìn tì í dáadáa, àga yẹn rọ̀."

Ó jókòó. Ó fẹ̀yìn tì í.

"Yéèèè!"

"Kí ló dé?"

"Inú mi ló dùn, mà."

Ìgbà yẹn ni mo wọlé.

"Ajá ta nìyí?" Ìyá pariwo. "Ìwọ lo mú un wá?"

Ọ̀gá mi wò mí. Mo wò ó. Abẹ́ òrùlé kan náà la ti ń sùn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ajá.

"Rárá o, mà. N ò mọ̀ ọ́n rí. Ajá ìgboro ni."

Ajá ìgboro! Èmi! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo kàn ki imú bọ àpò òsì kóòtù.

"Ṣìọ̀! Kúrò ńbẹ̀!"

Ó ń fà, mò ń fà.

Fàààà!

Pínnì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Tá! Tá! Tá! Ọ̀kan lọ há sára fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá. Kóòtù fẹ̀, ó fẹ̀, ó di àgọ́. Ọ̀gá mi fò dìde kó lè dì í mú.

Ṣòkòtò kò bá a dìde.

Yéè! Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ pa ajá! Ìyá fi ìborí bojú, ó sì ń wò láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ilé ṣú biribiri. Alápatà ló wọlé, nínú aṣọ iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Télọ̀ oníjìbìtì kan ló fà á. Mo ní kí n gba kóòtù mi kí n fi wá wo ọkọ ọmọ wa, àfi bó ṣe ti ṣọ́ọ̀bù pa..."

Ó na ìka sí ọ̀gá mi.

Àbúrò Ìyá ni alápatà! Ọ̀gá mi kò mọ̀. Èmi mọ̀, mo ti gbóòórùn rẹ̀ lórí àga wọn látìgbà tí mo wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló bi ajá ìgboro léèrè?

"Kóòtù mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..." ọ̀gá mi ń bẹ̀ ẹ́.

"Bọ́ ọ!"

Ó bọ́ ọ. Bàbá, tí kò tíì la ẹnu látàárọ̀, wá nu dígí ojú rẹ̀, ó fi í sójú padà.

"Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn," ó ní. "Èmi ni mo ní kí àbúrò ìyàwó mi bá mi gbé e lọ fún télọ̀, torí kọ́là ẹ̀." Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan kọ́là. "Ó mà ṣe é dáadáa o. Bọ́ ọ."

Ọ̀gá mi bọ́ ọ. Ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò àwọ̀sínú láàárín pálọ̀ àna. Ìyá fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ tóo fẹ́ kó ọmọ mi lọ. Nínú gbogbo ohun tóo gbé wọ ilé yìí, èwo ni tìẹ?"

"Síńgílẹ́ẹ̀tì yìí, mà."

"Ìyẹn kì í ṣe aṣọ. Àwọ̀n ni."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú onídìrí. Omi ló kù ńbẹ̀.

"Dá wọn lóhùn," ó bẹ̀ ẹ́. "Nǹkan kan ṣoṣo, kóo ṣáà sọ nǹkan kan tó jẹ́ tìẹ, kí n rí nǹkan fi gbè ẹ́ lẹ́sẹ̀!"

Ọ̀gá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú ẹ̀ bọ́ sára mi.

"Ajá yìí!" ló fi igbe ta. "Èmi ni mo ni ajá yìí, mà! Irọ́ ni mo pa lẹ́ẹ̀kan! Sájẹ́ǹtì, ọmọ dáadáa, wá bá bàbá ẹ!"

Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Gbogbo ilé kọjú sí mi. Ìgbéyàwó odidi èèyàn méjì wà lọ́rùn mi, mo sì mọ̀. Mo dìde. Àní mo ti gbẹ́sẹ̀, mo ti ń lọ bá a! Ó kàn jẹ́ pé alápatà ń tú kóòtù rẹ̀ wò nígbà yẹn ni, ọwọ́ ẹ̀ kan nǹkan lábẹ́ aṣọ inú, ó sì fà á jáde.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Mo yí padà. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ alápatà, mo kọ ikùn sókè.

Ìyá wò mí. Ó wo ọ̀gá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ó mi orí títí.

"Ajá náà," ó ní, "ti oníbàárà ni."